Àdìrẹ ìyá ìyá mi ni kí n fi ṣe ìwádìí ni, àbí Ọlọ́wẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Aláró:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, mi ò dá sí i rí. Ọ̀rọ̀ ló dé lónìí.

Iṣẹ́ ọnà ni mo kà ní yunifásítì, àwòrán kíkùn sì ni mo yàn láàyò. Ní ọdún kẹta wa, olùkọ́ kan gbé fọ́tò ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ̀rẹ́ wá sí kíláàsì, èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́. Odidi wákàtí méjì ló fi sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ó ní ká wo Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, bó ṣe jókòó lórí ìtẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ká wá wo òyìnbó ajẹ́lẹ̀ lápá kejì, tí àwọn èèyàn gbé rù, ká sọ fún òun, nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ẹni tó gbẹ́gi náà bọlá fún. Látọjọ́ náà ni kíkùn ti kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ẹni tó ń wo iṣẹ́ ọnà, tó ń wádìí ìdí rẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni mo fẹ́ máa ṣe títí ayé mi.

Mo ti wọlé fún Másítàsì báyìí, súpáfáísọ̀ mi sì ti dá kókó ọ̀rọ̀ méjì padà fún mi. Mo kọ́kọ́ mú "Ère Gbígbẹ́ nílẹ̀ Yorùbá" lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún èèyàn nìyẹn. Mo mú Ọlọ́wẹ̀ lọ, wọ́n bi mí pé kí ni mo rí tí àwọn tó ti kọ nípa rẹ̀ ò rí. Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀kẹta ló wà lọ́wọ́ mi báyìí tí mi ò tíì lè mú jáde. Aláró ni ìyá ìyá mi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ni wọ́n ń ṣe kí ojú tó máa dùn wọ́n, aṣọ mọ́kànlá ló sì kù nínú àpótí wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo gbé wá sí yunifásítì.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: báwo ni ìgbésí ayé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ? Ṣé dandan ni kéèyàn lọ òkè òkun? Ṣé aṣọ kéré sí ère lójú àwọn tó ń fúnni lóyè ọ̀mọ̀wé?

Ṣẹ́gun T.:

Àbúrò mi, bí ọ̀nà bá là, tètè máa lọ. Wo àwọn tí ayé mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, Amherst ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Láwal, Virginia. Ekpo Eyo awalẹ̀pìtàn pàápàá, Maryland ni wọ́n ti parí iṣẹ́ olùkọ́ wọn. Àwọn ère wa ọ̀hún náà, ibẹ̀ ni wọ́n kó wọn lọ. Ìwọ náà lọ bá wọn níbẹ̀.

Olùkọ́ Ọnà:

Ṣẹ́gun, o ṣeun, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún apá kan ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, nítorí pé ó lè ṣi ọmọ yìí lọ́nà. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọdún 26, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì ìjọba kan títí di òní.

Àwọn tí o dárúkọ wọ̀nyẹn, ilé ni wọ́n ti gbé ohun tí wọ́n ní lọ síbẹ̀. Ọmọ Òwọ̀ ni Abíọ́dún. Nígbà tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, kí ló kọ lé lórí? Àkó, ère òkú àgbà tí wọ́n ń gbẹ́ lódindi èèyàn ní Òwọ̀ láti fi ṣe ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1976. Ohun tó wà nílùú tí wọ́n bí i sí ni, ó kàn wò ó ju bí àwọn yòókù ṣe wò ó lọ ni. Láwal ní tirẹ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Indiana lọ́dún 1970 lórí ère Ṣàngó, ó sì padà wálé wá kọ́ni ní Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lọ. Ìwé ńlá tó kọ lórí Gẹ̀lẹ̀dé, tó jáde lọ́dún 1996, bí o bá kà á, wàá mọ̀ pé ẹni tó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo tó sì gbọ́ orin yé ló kọ ọ́. Ekpo Eyo ló wúlẹ̀ ní Igbó Ọlájà ní Òwọ̀ lọ́dún 1971. Nítorí náà, àbúrò mi, bí o bá fẹ́ lọ, lọ. Ṣùgbọ́n má lọ ní ọwọ́ òfo.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, nítorí pé ibẹ̀ ni èsì ìbéèrè rẹ wà.

Òpó ààfin ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé mi, òpó tí wọ́n gbẹ́ ní apá kan ilẹ̀ Èkìtì. Mo ti ka gbogbo ìwé tí mo rí. Mo gbé kámẹ́rà, mo gbé ìwé ìbéèrè mi tí mo ti tẹ̀ dáadáa, mo lọ bá bàbá agbẹ́gilére kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo tọ́ka sí òpó kan tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n tó kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, kí ni ìtumọ̀ èyí?" Bàbá wò mí. Wọ́n wo òpó. Wọ́n ní, "Obìnrin ni." Ó parí. Mo béèrè ìbéèrè 31 lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni èsì gbogbo rẹ̀ kò kún ojú ìwé kan.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àáké lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ṣé mo ti gbẹ́ igi rí. Mi ò gbẹ́ igi rí. Wọ́n ní kí n jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti wọn lábẹ́ igi, tí mò ń ṣa èérún igi, tí mò ń wo ọwọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe ìpele kọ̀ọ̀kan: ọnà lílé, tí wọ́n máa ń fi àáké la orí, àyà àti ẹsẹ̀ sára igi, àlétúnlé, tí ojú, etí àti ọwọ́ á ti máa yọ, dídán, tí wọ́n á fi ọ̀bẹ mú ara igi jọ̀lọ̀, fínfín, ibi tí ilà ojú àti irun dídì ti ń wọlé. Mo ti rí ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ò sọ fún mi pé bàbá máa ń dákẹ́ pátápátá nígbà ọnà lílé, tí wọn kì í dáhùn kíkí ẹnikẹ́ni, torí pé àṣìṣe tó bá wọlé níbẹ̀ kò sí ọ̀bẹ tó lè tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ìyàwó wọn ló fún mi ní oyè ọ̀mọ̀wé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mama ń gbé ẹ̀kọ wá fún bàbá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n. Oríkì gígùn ni, wọn kò kì í nítorí tèmi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ orúkọ ìlú mẹ́rin nínú rẹ̀. Mo gbọ́ orúkọ ọ̀gá tí bàbá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí bàbá fúnra wọn kò dárúkọ fún mi. Mo gbọ́ pé ọ̀gá náà gbẹ́ òpó mẹ́fà fún ọba kan tó san ẹṣin. Mo lọ sí ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní méjì nínú wọn, òpó wà níbẹ̀ tí ìwé àkọsílẹ̀ pè ní iṣẹ́ ẹni tí a kò mọ̀. Ẹni tí a kò mọ̀ wo? Ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń kì í láràárọ̀!

Èmi nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ọlọ́wẹ̀ tí o fẹ́ràn yẹn kú lọ́dún 1938. Lọ́dún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni John Pemberton, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Inú oríkì yẹn ni a ti gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe rí i: ẹni tó ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni ń fín igbá. Ilẹ̀kùn Ìkẹ̀rẹ́ tí olùkọ́ yín fi hàn yín ti lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù fún àfihàn ńlá ọdún 1924. Wọ́n fẹ́ rà á, Ògògà kò gba owó, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀kùn náà ti wà ní British Museum tí gbogbo ayé ń wò ó. Àwọn tó ń wò ó kò ní oríkì. Ìyàwó ilé ló ní in.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jà lórí èdè. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ ń fi ojú kan ríran. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson, òpìtàn iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, gbé ère kalẹ̀ níwájú àwọn ará ìlú, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó dára àti ìdí rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyálọ́jà sọ ló di kókó iṣẹ́ rẹ̀: jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún. Abíọ́dún ní tirẹ̀ lọ sínú ẹsẹ Ifá àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó fi ojú inú, ojú ọnà, ìlutí àti ìfarabalẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, dípò kó yá òṣùwọ̀n ẹlòmíì lò. Láwal mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "àwòrán", ó ní à-wò-rántí ni, ohun tí a wò tí a fi rántí, ó sì fi kọ àpilẹ̀kọ odidi kan tó jáde lọ́dún 2001. Ọ̀rọ̀ kan! A ń lò ó lójoojúmọ́ fún fọ́tò orí fóònù.

Ní ti ìgbésí ayé iṣẹ́ náà, mi ò ní fi bò fún ọ. O nílò oyè ọ̀mọ̀wé. Wàá ti ìsàlẹ̀ gòkè, láti Assistant Lecturer dé Senior Lecturer, àwọn àpilẹ̀kọ tí o bá tẹ̀ jáde ni wọ́n á fi gbé ọ, àwọn ọmọ tí wàá sì máa kọ́ á pọ̀ ju ìjókòó tó wà nínú kíláàsì lọ. Owó ìwádìí ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìrìn àjò mi, owó oṣù mi ni mo fi lọ. Lọ́dún 2022 tí àwa olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá, kò sí owó oṣù. National Archives ní Ìbàdàn ni mo wà ní èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù wọ̀nyẹn, tí mò ń ka lẹ́tà àwọn ajẹ́lẹ̀. Ebi pa wá nílé, mi ò ní purọ́. Ìwé mi kejì sì ti inú àwọn lẹ́tà yẹn jáde.

Nǹkan kan ṣì wà tó ń dùn mí. Fọ́tò tó lé ní 400 tí mo yà ní Èkìtì, háádì dísìkì kan ṣoṣo ni mo kó wọn sí, ó sì kú. Àwọn òpó kan nínú wọn ti wó látìgbà náà, bàbá sì ti lọ. Ohun tó kù fún mi ni ìwé tí mo fi ọwọ́ kọ gígùn àti ìbú wọn sí, àti àwòrán tí mo fi pẹ́ńsù yà. Ohunkóhun tí o bá rí, tọ́jú rẹ̀ sí ibi mẹ́ta, kí o sì fi ọwọ́ rẹ yà á. Ojú máa ń rí ohun tí kámẹ́rà kì í rí bí ọwọ́ bá ń yà á.

Ó wá ku aṣọ rẹ. Àbúrò mi, tani sọ fún ọ pé aṣọ kéré? Ère ni òyìnbó kọ́kọ́ kó, òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé lé lórí, a sì gba ojú wọn wò ó. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó, nítorí náà, àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn tí o bá rí òpó Mápó lára rẹ̀ kò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì àti olorì rẹ̀ wà láàárín rẹ̀ jáde nígbà ayẹyẹ ọdún 25 Jọ́ọ̀jì Karùn-ún lórí oyè, lọ́dún 1935. Láàárín àwọn ọdún 1930 yẹn kan náà ni àwọn aláró Abẹ́òkúta ń bá ìjọba Aláké fà á lórí sódà àti aró òyìnbó, ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀. Ǹjẹ́ aṣọ mọ́kànlá tí ìyá ìyá rẹ kó pamọ́, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ṣì wà láàyè láti sọ̀rọ̀ lé e lórí. Èmi ì bá ti fi ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ mi gba irú rẹ̀.

Bàbá Rẹ́jísítà:

Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí, ẹ kú iṣẹ́ Dókítà. Ilé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ fi díẹ̀ kún un fún ọmọ wa.

Yunifásítì nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Kenneth Murray tó kó ọ̀pọ̀ ohun tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Èkó jọ, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni ìjọba gbà á wá ṣe lọ́dún 1927. Lọ́dún 1943 ni wọ́n fi í ṣe olórí ọ̀rọ̀ ohun àtayébáyé, wọ́n sì ṣí mùsíọ́ọ̀mù Èkó lọ́dún 1957. John Picton ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ka ìjọba kan náà láti 1961 dé 1970 kó tó lọ kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú yàrá ìkẹ́rùsí ni irú wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan.

Bí o bá fẹ́ wá wo àdìrẹ tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù kan, mú lẹ́tà wá láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, kí o sì kọ ohun tí o fẹ́ wò sínú rẹ̀ ní pàtó. "Mo fẹ́ wo aṣọ" kò tó. Rẹ́jísítà, ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó bá wọlé sí, ni kí o kọ́kọ́ béèrè fún, kì í ṣe aṣọ. Ka ìlà tó wà fún aṣọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó wọlé, ibi tí wọ́n ti rà á, iye tí wọ́n rà á, ẹni tó tà á. Nígbà mìíràn, orúkọ obìnrin tó ṣe é wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó gbé e jáde látọdún yìí. Bí o bá dé ìdí aṣọ, yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú ju ojú lọ. Wo ibi tí wọ́n ti rán ìdajì méjèèjì pọ̀, bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi rán an tàbí ẹ̀rọ. Kí o sì wo etí aṣọ funfun tí wọ́n fi ṣe é, torí pé tẹ́ìlì, aṣọ funfun tí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè hun, ló sábà máa ń jẹ́.

Ní ti àwọn tó wà nínú àpótí ìyá àgbà, má ṣe fọ̀ wọ́n. Mo bẹ̀ ọ́. Má sì jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ ní ojú ìṣẹ́po kan náà mọ́, ká a yí nǹkan roboto tí o ti fi aṣọ funfun mímọ́ wé.

Ọmọ Aláró:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka èsì yín fún màmá mi, omi bọ́ lójú wọn.

Mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà ò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé aṣọ súnmọ́ wọn, wọ́n ń rí i. Mi ò béèrè ìtumọ̀ kankan, mo rántí "Obìnrin ni." Mo kàn tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dákẹ́. Ní ẹ̀kẹrin, wọ́n fi ìka tẹ̀lé ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọwọ́ Àǹtí nìyí." Mo ní báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní Àǹtí kì í gbé ìyẹ́ kúrò lórí aṣọ títí ìlà á fi parí, pé ibi tí ìlà tiwọn bá ti já, wọ́n ti ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ nìyẹn. Mo wò ó. Òótọ́ ni. Aṣọ mẹ́ta nínú mọ́kànlá ló jẹ́ ti Àǹtí. Lórí ọ̀kan, wọ́n ní àwọn méjèèjì ló jọ kọ ọ́, wọ́n sì fi ojú ibi tí ẹnì kan ti dúró tí ẹnì kejì ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí.

Olùkọ́ Ọnà, ẹ dákun, ṣé ìyẹn tó kókó?

Olùkọ́ Ọnà:

Mo dìde lórí àga nígbà tí mo ka ibi tí o ti kọ "ọwọ́ Àǹtí".

Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. A máa ń kó gbogbo àdìrẹ pọ̀ pé iṣẹ́ àwọn obìnrin ìlú báyìí ni. Ìyá àgbà rẹ ya ọwọ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ kejì, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Èyí ni kí o gbé tọ súpáfáísọ̀ rẹ lọ: àwọn obìnrin méjì, ilé kan, aṣọ mọ́kànlá, bí wọ́n ṣe ń dá ọwọ́ ara wọn mọ̀. Má fi ohunkóhun kún un.

Kí o tó lọ bá wọn, padà sílé lọ́sẹ̀ yìí. Fi òǹkà sí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Tan rẹ́kọ́dà kí o tó tẹ́ wọn, kí o sì tẹ́ wọn ní ọ̀nà mìíràn, èyí tó kẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ni kó ṣáájú, kí o wò ó bóyá mẹ́ta yẹn náà ni wọ́n á tún mú. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n léèrè orúkọ Àǹtí ní kíkún, ilé tí wọ́n fẹ́ ẹ sí, àti ohun tí wọ́n máa ń fi kì í.